Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe Ẹ̀dà, Kí Ẹ Tó Tún Kọ̀ǹpútà Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Anthony, ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá pé kí ló dé tí a kò fi rí ìwé owó yín tẹ̀ jáde ní Sátidé ìpàdé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwa ìgbìmọ̀ la jẹ̀bi.

Ilé akọ̀wé ni kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà. Dísìkì méjì ló ní; ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan, èkejì á kọ ọ́. A wá rò pé ààbò ti pé. Lálẹ́ Jímọ̀ọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í mú sọ́fítíwíà rẹ̀ bá ìgbà mu, àfi gbì, iná ọba lọ! Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà kò jí mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà tí a ṣe ní Ọjọ́bọ̀, tó wà nílé akápò. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ yáwó fún owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ dúró di Ọjọ́rú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Ṣé kí a má tún un ṣe mọ́ ni? Rárá o. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn olè tí wọ́n ń jẹ́ DeadBolt wọ inú àwọn àpótí ìkósí QNAP tó ṣí sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti fáìlì onífáìlì pa, wọ́n ní kí olúkúlùkù san bitcoin 0.03. Àtúnṣe ló ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà lè ní àbùkù: ní July 19, 2024, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró, ọ̀pọ̀ bàálù kò sì lè gbéra.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ gbọ́:

Èkíní, ẹ ṣe ẹ̀dà sórí dísìkì ọ̀tọ̀, ẹ ṣí fáìlì díẹ̀ níbẹ̀ wò, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Dísìkì méjì inú àpótí kan kì í ṣe ẹ̀dà. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti parẹ́ lórí èkejì.

Èkejì, lórí Debian, "apt update" kàn ń mú orúkọ ohun tuntun wá ni. "apt upgrade" ló ń yí nǹkan padà. Ẹ ka orúkọ wọ̀nyẹn kí ẹ tó gbà fún un. Ẹ ṣọ́ra fún "full-upgrade", ó lè yọ ètò tí ẹ ń lò dànù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí ínfátà tó gba iná dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ wò kí ẹ tó lọ sùn.

Láti oṣù yìí lọ, akọ̀wé àti akápò ni yóò jọ máa ṣe é, kò sì ní jẹ́ ọ̀la ìpàdé mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ire o.