Omi Àlejò, Ẹranko Fàdákà àti Orúkọ Tí A Kọ Sílẹ̀

Ní Soclogbo, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, bí àlejò bá wọlé, a kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó bá wá. Omi ni a ó kọ́kọ́ gbé fún un. Yóò mu díẹ̀, yóò dúpẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ife oníke tàbí ife onírin ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbé omi náà wá. Láyé àtijọ́, igbá ni. Igbá àgbà a máa wà ní yàrá ìyá àgbà, wọn kì í sì í gbé e jáde àfi tí àlejò pàtàkì bá dé.

Ohun tí a fi gbé omi fún àlejò ń sọ irú ẹni tí onílé jẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Ìdáàṣà nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọlọ́lá kì í gbé ife lásán síwájú àlejò. Àgbọ̀nrín, òwìwí, ògòǹgò tàbí béárì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, tí a fi fàdákà rọ, tí ọtí sì wà nínú rẹ̀.

Àgbọ̀nrín tí ń rìn lórí tábìlì

Ìlú méjì ni ó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ fàdákà yìí: Nuremberg àti Augsburg. Alágbẹ̀dẹ a mú fàdákà pẹlẹbẹ, a fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí ara ẹranko. A fi irin ṣóńṣó ya irun àti ìyẹ́ sí i lára. Nígbà mìíràn, a fi wúrà bò ó. Orí ẹranko náà ni ìdérí. Bí a bá ṣí orí kúrò, ọtí wà nínú ikùn.

Joachim Friess, alágbẹ̀dẹ ní Augsburg, ṣe irú rẹ̀ kan ní nǹkan bí ọdún 1620. Obìnrin ọdẹ kan ni ó jókòó lórí àgbọ̀nrín. Ẹ̀rọ bí ti aago wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá yí ẹ̀rọ náà, àgbọ̀nrín a máa rìn lórí tábìlì fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró sí iwájú rẹ̀ ni yóò mu ọtí inú rẹ̀. Ohun náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York lónìí.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe fàdákà nìkan. Alágbẹ̀dẹ a mú èèpo àgbọn, a fi ṣe ara òwìwí, a sì fi fàdákà ṣe orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Tàbí kí ó mú ẹyin ògòǹgò, kí ó fi ṣe ara ògòǹgò. Elias Geyer, alágbẹ̀dẹ ní ìlú Leipzig, ṣe irú ògòǹgò bẹ́ẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún 16. Wọ́n ṣì wà ní ìlú Dresden. Ẹyin ògòǹgò kò sí ní Jámánì. Láti Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e lọ. Nítorí náà, ohun kan láti ilẹ̀ Áfíríkà ti wà lórí tábìlì àwọn ọlọ́lá Jámánì láti ìgbà náà.

Àwọn tí kò lówó fàdákà náà kò gbẹ́yìn. Àwọn tí ń fẹ́ dígí ṣe ìgò kékeré ní àwòrán ajá fún ọtí líle. Ẹnu ajá ni ọtí ń gbà jáde. Ẹ̀rín ni ó ń pa àwọn tí ń mu ún.

Òǹtẹ̀ ara fàdákà

Ohun kan wà lára fàdákà Jámánì tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà kíyè sí. Bí a bá yí ife náà padà, a ó rí òǹtẹ̀ kékeré méjì. Èkíní jẹ́ ti ìlú. Ti Nuremberg ni lẹ́tà N. Ti Augsburg ni èso igi páìnì. Èkejì jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tàbí àmì tí ó yàn. Ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lu oníbàárà ní jìbìtì.

Nítorí òǹtẹ̀ yẹn ni a fi mọ orúkọ Friess àti Geyer lónìí. Wọ́n ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ wọn kò lè ròyìn wọn mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta lára fàdákà ti sọ̀rọ̀ fún wọn.

Òǹtẹ̀ náà ní ọ̀tá. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú Hanau bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹranko fàdákà tuntun ní àṣà àtijọ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ tí ó jọ ti àtijọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ òǹtẹ̀ kà a máa san owó ohun àtijọ́ ra ohun tuntun. Ní gbogbo ayé, àìmọ̀wé a máa ná ni lówó.

Ẹkùn Ìbíní

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ẹranko tí ń gbé omi kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Láti ọ̀rúndún 12 àti 13, àwọn ará Jámánì ti ń fi idẹ rọ kìnnìún tí a fi ń bu omi fọwọ́ nídìí oúnjẹ àti nínú ilé ìjọsìn. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìlú Ìbíní tí ó wà ní Nàìjíríà, àwọn alágbẹ̀dẹ ọba náà fi idẹ rọ ẹkùn fún iṣẹ́ kan náà. Ọba Ìbíní ni ó ń fi omi inú ẹkùn fọ ọwọ́. A ń rọ omi sí i láti orí, imú ẹkùn ni omi ń gbà jáde. Ẹkùn ni ọba igbó, ọba Ìbíní ni ọba ilé. Ẹni méjèèjì pàdé nínú omi ìfọwọ́.

Bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́ yàtọ̀ sí ti fàdákà. Wọn a fi ìda mọ àwòrán ẹkùn yí amọ̀ ká. Wọn a tún fi amọ̀ bo ìda náà. Bí wọ́n bá fi iná sí i, ìda a yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni wọ́n ń da idẹ gbígbóná sí. Bí ó bá tutù, wọn a fọ́ amọ̀, ẹkùn a sì jáde.

Ní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìlú Ìbíní lẹ́rù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọnà ni wọ́n kó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jámánì rà. Ní ọdún 2022, Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Nàìjíríà, ó sì dá àwọn àkọ́kọ́ padà ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀ wa. Ohun ọba 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní Abomey ní ọdún 1892 padà dé Kútọnu ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ère ọba tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì kìnnìún wà lára wọn. Ti ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja ekurá náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó lọ wò wọ́n. Àwọn àgbà mìíràn sunkún nígbà tí wọ́n rí wọn.

Ìwé kan ní ìlú Ulm

Ọ̀nà kejì wà tí ohun ilẹ̀ wa gbà dé Jámánì, láìsí ogun. Ní ìlú Ulm, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann ń kó ohun àrà jọ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1659, ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì to àwọn ohun náà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n Ifá kan wà lára wọn. Ìwé náà sọ pé láti ìjọba Allada ni ó ti wá, Allada kan náà tí a ń gbà kọjá bí a bá ń ti Kútọnu lọ sí Abomey. Ọpọ́n náà ṣì wà ní Ulm. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ àwọn ohun igi tí ó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tí a gbẹ́ ní àgbègbè wa.

Kí ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti wá? Ìlà díẹ̀ lórí ìwé ni. Bí Weickmann kò bá kọ ọ́, ọpọ́n náà ì bá jẹ́ igi lásán tí kò ní ilé. Ṣùgbọ́n kò kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, a mọ orúkọ ẹni tí ó rà á, a kò mọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é.

Àwọn Yorùbá kò fi gbogbo orúkọ sílẹ̀ kí ó parun. Wọ́n fi oríkì pa àwọn kan mọ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ní Èkìtì, tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ àwọn igbá tí ó lókìkí káàkiri ayé. Ní ọdún 1988, ìyàwó rẹ̀ kan ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Oríkì yẹn ti wà nínú ìwé báyìí. Ẹnu ni ó kọ́kọ́ pa á mọ́, ìwé ni ó gbà á lọ́wọ́ ẹnu. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá náà a máa gbẹ́ igbá obì ní àwòrán adìẹ. Bí onílé bá ṣí ẹ̀yìn adìẹ, obì àlejò wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹni mélòó nínú wọn ni a mọ̀?

Bí oníṣòwò bá kàn ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Soclogbo. Ká ní oníṣòwò kan dé pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀. Ó ní òun ń ra ohun àtijọ́. Ó rí igbá ìyá àgbà, tàbí àpótí tí bàbá àgbà ń jókòó lé, tàbí agere Ifá kan tí eruku ti bò. Owó ilé ìwé ọmọ kò tíì pé. Ó na owó jáde.

Kì í ṣe gbogbo títà ni ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kí owó tó gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Èkíní, ohun ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí a pe àwọn àgbà ilé jọ. Èkejì, ohun òrìṣà àti ohun ìtẹ́ wà lábẹ́ òfin. Orílẹ̀-èdè Benin ti ṣe òfin tuntun ní ọdún 2021 láti dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí a béèrè ní ọ́fíìsì àgbègbè tàbí ní mẹ́rì Dassa-Zoumè. Ẹ̀kẹta, bóyá a tà á tàbí a kò tà á, kí a kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíkọ náà kò le. Ẹni tí ó bá lè kọ orúkọ ara rẹ̀ lè kọ ọ́. Ojú ìwé kan tó, pẹ̀lú ìdáhùn márùn-ún: Kí ni orúkọ ohun náà? Ta ni ó ṣe é, ní ìlú wo? Ta ni ó kọ́kọ́ ni ín nínú ìdílé? Kí ni a fi ń ṣe, ní ọjọ́ wo? Ta ni ó sọ ìtàn yìí, ní ọjọ́ kelòó, oṣù wo, ọdún wo? Kí a bi ìyá àgbà nígbà tí ó ṣì lè dáhùn. Kí a tọ́jú ìwé náà sínú àpò rọ́bà, kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Alágbẹ̀dẹ Augsburg lu lẹ́tà sí ara fàdákà. Oníṣòwò Ulm tẹ ìwé. Ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ki oríkì. Ìwé àjákọ kan àti bírò kan ti tó fún ilé kan ní Soclogbo. Nígbà tí àlejò tí ń bọ̀ bá gba omi nínú igbá yẹn, tí ó sì béèrè pé, «Ta ni ó ni igbá yìí?», ọmọ ilé yóò lè ṣí ìwé, yóò sì kà á fún un.