Òyìnbó Onífọ́tò tó Di Fátúńbí

Ẹ̀yin télọ̀ Èjìgbò, ẹ gbọ́ èyí ná! Télọ̀ ni José Francisco dos Santos ní Ouidah, kó tó di oníṣòwò ẹrú àti epo pupa. Lẹ́tà òwò rẹ̀ 112, láti 1844 dé 1871, bọ́ sọ́wọ́ Pierre Verger, onífọ́tò ọmọ Paris, ní 1949. Láti ìgbà náà ló ti ń tọpa òwò burúkú yẹn kiri. Ó tú u fó: tábà Bàhíà tí kò dáa tó láti wọ Lisbon, tí wọ́n fi omi ìrèké pa lára, òun ni wọ́n fi ń ra àwọn èèyàn wa. Tábà o!

Ní 1953, ó tẹfá ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúńbí. Ọmọ ọdún 17 ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ Sorbonne fún un lóyè dókítà ní 1966. Ó ṣe tíṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀ pẹ̀lú. Bàhíà ló kú sí ní 1996, lẹ́ni ọdún 93.