Iṣẹ́ Àjọṣe Lórí Fóònù: Ọmọ Ta Ló Dá Tirẹ̀?

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ yá owó ra fóònù fún ọmọ wọn, wọ́n ní iléèwé ló ń béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà kan fárígá. Wọ́n ní fóònù ló ń ba ọmọ jẹ́, pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó eré. Alága wá ní kí àwa akọ̀wé wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ohun tí a rí nìyí. A ó sọ ti ilé tiwa mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti àwọn iléèwé Nàìjíríà pa. Ìdánwò WAEC ọdún náà kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í fi WhatsApp kọ́ ọmọ. Wọn a gba ohùn wọn sílẹ̀, wọn a ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ, wọn a fi ránṣẹ́. Iléèwé ti ṣí padà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tíṣà kò ju irinṣẹ́ náà nù.

Oríṣi méjì ni irinṣẹ́ ọ̀hún. Èkíní ni fídíò àti ohùn. Ní 2004, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Salman Khan, ń kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò láti ìlú tó jìnnà. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pọ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ sórí YouTube ní 2006. Àwọn ọmọ náà sọ fún un pé fídíò rẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ohun tí tíṣà wí, ojú lè tì í láti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ó lè dá fídíò padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa kanra mọ́ ọn.

Èkejì ni ìwé àjọkọ, irú Google Docs. Ìwé kan ṣoṣo ni, àmọ́ ọmọ márùn-ún lè wà ní ilé márùn-ún kí wọ́n jọ máa kọ ọ́. Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, tó sì ní ti èdè Yorùbá pẹ̀lú, àjọkọ náà ni. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ ara rẹ̀: ẹni tó kọ, ọjọ́ tó kọ, ohun tó pa rẹ́. Ṣé ẹ rí i, bí ìwé owó ẹgbẹ́ wa gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tó dá, a rí i. Ẹni tí kò dá, a rí i.

Ibẹ̀ ni àṣírí ilé wa ti tú. Ní táàmù tó kọjá, tíṣà pín iṣẹ́ fún ọmọ wa àti àwọn mẹ́ta mìíràn, kí wọ́n jọ kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gààrí láti oko dé ọjà. Iṣẹ́ náà dára, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè rẹ̀, inú wa dùn. Àfi bí tíṣà ṣe ránṣẹ́ pè wá. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá wo nǹkan." Ó ṣí àkọsílẹ̀ ìwé náà. Ọmọbìnrin kan ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìlà kan péré ni ọmọ tiwa kọ. Háà! Àwa tí à ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè, ajẹgbèsè wà nílé wa!

A délé, a fa ẹgba yọ. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ má bínú. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé yìí tó lè ṣí i. Mọ́mì máa ń mú un lọ sọ́jà láàárọ̀ nítorí alẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Kí wọ́n tó dé lálẹ́, àwọn tó kù ti kọ ọ́ tán, dátà náà á sì ti tán." A dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ọmọ jẹ gbèsè lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa la kò fún un ní ohun tí yóò fi dá tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, a kò ra fóònù tuntun. Ọmọ ń gba ti ilé láti aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, ní pálọ̀, lójú wa. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìpín tirẹ̀ pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí tíṣà máa fi àkọsílẹ̀ hàn yín, kì í ṣe máàkì nìkan. Ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà púpọ̀, fídíò ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bẹ tíṣà kó fi ohùn ránṣẹ́ níbi tí ohùn bá ti tó. Bí ọmọ bá sì ti kọ nǹkan tán, ẹ ní kó pa ìwé dé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Èyí tó bá dà kọ látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò ní lè sọ ọ́.

Nípa owó ẹ̀yáwó, èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má tíì yá owó fóònù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tí wọ́n ti lò rí sínú gbọ̀ngàn wa, kí àwọn ọmọ wa máa wá lò ó ní Sátidé, kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì wọ́n. Fóònù tí ẹnì kan rà, ilé kan ló ń lò ó; kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, gbogbo wa la ni ín. A mọ̀ pé ẹ ó béèrè owó iná àti owó dátà. Ẹni tó bá ní èrò tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ mọ fóònù tẹ̀ jù wá lọ. Àwa la mọ ìtumọ̀ kí á jọ dá owó, kí á jọ ṣiṣẹ́. Ìpàdé gbogboogbò la ó ti dìbò. Ẹ tètè dé o.