158 àbí 194? Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Eré Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sá Nínú Orí

Àwọn tó ń bi mí léèrè ìdí tí n kò fi tètè wọlé ní táàmù yìí, ìdáhùn rèé.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jẹ́ SS. SS ti inú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí o, kì í ṣe SS1 àti SS2 tiwa. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà họ́lídè, wọ́n wọn eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá nínú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi méjì, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ibi àkọ́kọ́ kọ 158, wọ́n ní kò séwu. Ibi kejì kọ 194, dókítà ibẹ̀ ní ká má fi ṣeré rárá. Orí kan náà, ọmọ kan náà! Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí họ́ọ̀sì tí a fi ń bomi rin òdòdó. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, omi á túbọ̀ sáré jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó jẹ́ SS, àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ lè máa há díẹ̀díẹ̀ láti inú. Bí ọ̀nà ṣe ń há, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré sí i. Tí ọ̀nà bá wá dí pátá, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn, kódà lára ọmọdé.

Ẹ̀rọ tó ń wọn eré yìí ń jẹ́ transcranial Doppler, TCD ni wọ́n ń gé e sí. Doppler ni orúkọ onímọ̀ ará Austria tó ṣàlàyé ọgbọ́n inú rẹ̀ ní 1842. Rune Aaslid, ọmọ ilẹ̀ Norway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n náà wọn ẹ̀jẹ̀ inú orí, ní 1982.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọgbọ́n ọ̀hún, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Bosso nígbà tí tírélà kan bá ń fun fèrè bọ̀. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ohùn fèrè á wà lókè bíi mí. Bó bá ti kọjá, á já wálẹ̀ bíi dò. Fèrè yẹn ò yí padà o. Ìrìn ọkọ̀ ló yí ohùn tó dé etí yín padà.

Ohun tí TCD ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á fi gẹ́ẹ̀lì pa ẹ̀bátí ọmọ náà, torí egungun ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹnu ẹ̀rọ, tó dà bíi bírò tó sanra, á rán ìró wọlé, ìró tí etí wa ò lè gbọ́, tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró yẹn á kọlu ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré, á sì padà wá pẹ̀lú ohùn mìíràn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń sá sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 5,200 Hertz. Etí èèyàn gbọ́ ìyẹn. Mo gbọ́ ti àbúrò mi: ṣùù, ṣùù, ṣùù, bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn họ́sítẹ́ẹ̀lì wọlé.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Nígbà tí tírélà yẹn bá ń gba iwájú yín gan-an kọjá ní ìbú, kò sún mọ́ yín, kò jìnnà sí yín, nítorí náà kò sí ohun tó yí ohùn rẹ̀ padà. Tí ẹnu ẹ̀rọ bá dojú kọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà tààrà, á rí gbogbo eré rẹ̀. Tó bá yà, apá kan ló máa rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe trigonometry, cosine igun yẹn ni. Ká ní eré gidi jẹ́ 200. Tí ọwọ́ bá yà ní dígírì 30, ẹ̀rọ á kọ 173. Ní dígírì 40, á kọ 153. Ní dígírì 60, 100 péré! Ẹ wò ó dáadáa: igun tó yà kì í fi kún iye, ó máa ń dín in kù ni. Irọ́ “kò séwu” ló ń pa.

Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kó ní ó parí. Á máa tẹ̀lé iṣan náà ní mìlímítà 2 sí mìlímítà 2, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á máa yí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, iye tó ga jù lọ lá sì kọ sílẹ̀. Níbi tí a kọ́kọ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n wò, kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ibi kejì lò tó ogójì ìṣẹ́jú.

Ohun tó lè sọ iye di púpọ̀ láìtọ́ ni ipò tí ọmọ wà. Oorun àti ibà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ sáré sí i, nítorí náà ọmọ gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan tún wà tó ń fi àwòrán iṣan hàn. Ó dáa, ṣùgbọ́n iye tirẹ̀ sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ti èyí tí kò ní àwòrán.

Èyí tí kò ní àwòrán yẹn sì ni wọ́n fi fa ìlà ewu. Lábẹ́ 170, ó dáa. Láti 170 sí 199, wọ́n á tún un wò láìpẹ́. Láti 200 sókè, ìtọ́jú kíá. Ìwádìí STOP ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1998, pín ọmọ 130 tí iye wọn ti wọ ìlà ewu sí ọ̀nà méjì. Nínú 63 tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ọ̀kan ló ní rọpárọsẹ̀. Nínú 67 tí wọn kò fà fún, mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n ta ló lè máa fa ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ lóṣooṣù nílùú wa? Àwọn dókítà Kano àti Kaduna, aládùúgbò wa níbí, ṣe ìwádìí SPRING pẹ̀lú hydroxyurea, oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, fún ọmọ 220. Èsì jáde ní 2022: ìwọ̀n kékeré àti ìlọ́po méjì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ní ti rọpárọsẹ̀. Níhà méjèèjì, kò tó ọmọ 2 nínú 100 lọ́dún tó ní in.

Oògùn wà, ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà bá parọ́, ọmọ tó yẹ kó lò ó ò ní rí i lò.

Dókítà ti kọ oògùn fún àbúrò mi, a ó sì padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó jẹ́ SS, láti ọmọ ọdún 2 dé 16, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n bèèrè TCD lọ́dọọdún, kí wọ́n sì béèrè pé: Ṣé ọ̀tún àti òsì lẹ wò? Ṣé ó lajú sílẹ̀? Irú ẹ̀rọ wo ni? Iye tó ga jù ńkọ́?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ bá mi ṣọ́ orí àwọn àbúrò wa.