Skáànù ẹ̀dọ̀ ajá: Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tó ń sin ajá tà mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ń sin ajá tà mọ̀ pé abo ajá kan tó ń bímọ dáadáa lè máa bọ́ odidi ilé. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ló fi ń lóyún, àwọn oníbàárà mìíràn á sì ti san àsansílẹ̀ kó tó bí. Ẹ wá wo bí ọkàn olówó rẹ̀ yóò ti rí bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé kọ oúnjẹ, tó ń bì, tí ojú àti èrìgì rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú.

Àwọn kan á ní ibà lásán ni, wọ́n á lọ ra oògùn lọ́jà. Àwọn mìíràn á ní kí dókítà ẹran tètè ṣe skáànù kí ọ̀rọ̀ lè parí. Méjèèjì ló lè jẹ owó gbé.

Skáànù yìí kò yàtọ̀ sí ti aláboyún. Wọ́n á fá irun ikùn ajá, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa á, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn lórí rẹ̀. Kì í dun ajá, kì í sì í sábà gba oògùn oorun. Ṣùgbọ́n bó bá jẹun yó kó tó dé, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ hàn dáadáa. Ẹ béèrè iye wákàtí tó yẹ kí ajá yín fi gbààwẹ̀.

Bí ẹ̀dọ̀ bá wú tàbí tó súnkì, bí kókó bá wà lára rẹ̀, bí omi bá kún inú, tàbí tí ọ̀nà òróòro dí, skáànù á fi hàn. Ṣùgbọ́n kì í sábà lè pe orúkọ àìsàn. Kókó tó hàn lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ ti ọjọ́ ogbó lásán. Ẹ̀dọ̀ mìíràn ti ń bàjẹ́, síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà mìíràn, àfi kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ náà fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ajá náà ń dì dáadáa.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. Kòkòrò Babesia tí eégbọn ń kó ran ajá wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí ojú á fi pọ́n, láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù lè tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ yẹ oúnjẹ wò pẹ̀lú, pàápàá ẹ̀yin tó ń fi àgbàdo àti ẹ̀pà olówó pọ́ọ́kú po oúnjẹ ajá fúnra yín. Àgbàdo tó ti bu máa ń ní májèlé aflatoxin, ẹ̀dọ̀ gan-an ló sì ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó oúnjẹ ajá Sportmix kúrò lọ́jà ní ìparí ọdún 2020 nítorí májèlé yìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ajá tó lé ní 110 ni ìjọba ibẹ̀ ti gbọ́ pé ó kú.

Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹran tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran níṣẹ́. Ẹ pè kí ẹ tó gbéra, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá yín dání.