Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́

Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Yorùbá níhà àríwá, níbi tí Yorùbá àti Tápà gbé pààlà. Ogun Tápà jà níbẹ̀, ogun Ìlọrin náà sì jà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó tú, tí àwọn ará ibẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun àtijọ́ kì í pẹ́ parun. Síbẹ̀, ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ère òkúta tí ó lé ní 800 ṣẹ́ kù.

Òkúta kan tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ ni a fi ṣe wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́. Irun wọn kò rí bákan náà, ilà ojú wọn kò sì bára mu, àfi bí ẹni pé ará ìlú púpọ̀ ni ó pàdé ní ọjà kan.

Àwọn ará Èsìẹ́ kò fìgbà kan sọ pé baba ńlá àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Ìtàn wọn ni pé nígbà tí àwọn dé láti ìhà Ọ̀yọ́, àwọn ère náà ti wà nínú igbó. Pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó di òkúta. Ó lè ṣòro láti gba èyí gbọ́, ṣùgbọ́n ìwà òtítọ́ wà nínú rẹ̀: wọn kò sọ ohun ẹlòmíràn di tiwọn. Síbẹ̀ wọ́n ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún.

Ní 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ròyìn àwọn ère náà fáyé gbọ́. Ní 1945 a ṣí ilé kan fún wọn, èyí tí ó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣe àkọsílẹ̀ wọn sínú ìwé tí ó jáde ní 1978.

Ilé nìkan kò tó. Ní 2000, ICOM, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé, ka ère Èsìẹ́ mọ́ àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń kó tà jù lọ. Orí sì ni ó yá olè lára, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ère náà ni ó ti ṣẹ́ lọ́rùn, orí kò sì wúwo bí odindi ère. Bí ó bá ti kúrò ní Èsìẹ́, ó lè ṣòro láti mọ ara tí ó ti ṣẹ́ kúrò.