Aboyún Fẹ́ Lọ sí Zanzibar: Kí Ni Yóò Jẹ?

Bí aboyún kan ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ gba afẹ́fẹ́ ní erékùṣù kan, kí òun sì jẹ ohun tí ẹnu òun kò tíì tọ́ wò rí, kí ọkọ má ṣe fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹnu aboyún a máa yan oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá bá jẹ ni ọmọ inú náà ń jẹ.

Zanzibar yẹ fún ìdílé Mùsùlùmí. Inú Òkun Íńdíà ni ó wà, ó sì darapọ̀ mọ́ Tanganyika ní 1964 láti di orílẹ̀-èdè Tànsáníà. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹran halaal kò ṣòro rí. Kànáfùrù ni ó sọ erékùṣù náà di olókìkí. Wọ́n ń fi í se ìrẹsì pílàáù, wọ́n sì ń fi omi àgbọn se ẹja. Wọ́n tún ní ọbẹ̀ urojo, tí mángòrò àti àjàgbọn mú kan díẹ̀, tí wọ́n kó ọ̀dùnkún àti àkàrà kéékèèké sí. Aboyún tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ kíkan yóò gbádùn rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn olóúnjẹ a máa pàtẹ ní ọgbà Forodhani, létí òkun ní Stone Town. Níbẹ̀ ni kí aboyún ti la ojú. Ẹja tí ó ti pẹ́ lórí tábìlì, tí wọ́n kàn tún mú lọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó ní kí wọ́n yan ẹja tútù lójú òun, kí ó jinná dé inú, kí ó sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Kí ó fi àkùràkudà sílẹ̀, nítorí mákúrì inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́; ẹja kéékèèké ni ó dára. Kí ó yẹra fún wàrà tí a kò sè àti yìnyín inú oje ìrèké. Èso tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó sàn ju èyí tí wọ́n ti gé sílẹ̀ lọ.

Nínú oṣù Ramadan, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ ni í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Aboyún tí ó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ní ìyọ̀ǹda láti má gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti rí oúnjẹ rà. Kí ó yan oṣù mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù nìyí: Tànsáníà ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá, àwọn dókítà kì í sì í sábà fún aboyún ní abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tí ó ti gbà á kí ó tó lóyún ti bọ́, nítorí láti July 2016 ni ìwé náà ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ẹni tí kò tíì gbà á, kí ó lọ bi dókítà rẹ̀. Kí ó má ṣe ra ayédèrú ìwé.

Oṣù kẹrin sí ìkẹfà oyún ni ìrìn-àjò rọrùn jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú a máa béèrè ìwé dókítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 36, ọ̀pọ̀ kì í gbé aboyún mọ́. Kí ó bi dókítà nípa oògùn ibà, kí ó sì máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Bí dókítà bá ní kí ó dúró, kí ó dúró. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mowe, Zanzibar kò sì ní sá lọ kí ọmọ tó dé.